Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: The Dæmons àti Oníwo Abúlé Devil's End

Ìbéèrè tó wọlé lórí The Dæmons, eré Doctor Who tí BBC gbé jáde lọ́dún 1971, ló gba gbogbo ojú ewé wa lọ́tẹ̀ yìí. Apá márùn-ún ni eré náà ní. Apá kìíní jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, ìkarùn-ún sì jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ gbọ́ òpin rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, kó pa ìwé dé ná kó lọ wò ó, nítorí a ò fi nǹkan kan bò.

Ìbéèrè: Mo wọlé bá àwọn ọmọ mi nídìí eré yìí nígbà tó ti dé àárín. Wọ́n de ọkùnrin onírun funfun kan mọ́ òpó, wọ́n fẹ́ dáná sun ún. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló ṣe?

Ìdáhùn: Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Dókítà fúnra rẹ̀ nìyẹn, akọni eré náà, Jon Pertwee ló ṣe é. Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Devil's End nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Horner, awalẹ̀pìtàn, fẹ́ ṣí òkìtì ibojì àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Devil's Hump ní ọ̀gànjọ́ òru, ní alẹ́ tí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ń bọ̀ wọlé, èyí tí í ṣe àjọ̀dún Beltane láyé àtijọ́ níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé iṣẹ́ náà sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ. Miss Hawthorne, obìnrin abúlé tó pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ funfun, kìlọ̀ títí, wọn ò dá a lóhùn. Dókítà rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, òun àti Jo Grant, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, sáré wọ mọ́tò, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ dé. Bí Horner ṣe ṣí ẹnu ihò, afẹ́fẹ́ tó tutù ju yìnyín lọ tú jáde, ó pa á, ó sì mú kí Dókítà gan pa.

Àlùfáà tuntun tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà, Reverend Magister, kì í ṣe àlùfáà. Master ni, ọ̀tá Dókítà láti ọjọ́ pípẹ́, Roger Delgado ló ṣe é. Ó ti kó àwọn ará abúlé kan jọ sí ihò abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pe Azal jáde, ẹni ìkẹyìn nínú ẹ̀yà àwọn Dæmon. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Azal máa yọjú. Nígbà kẹta ni yóò pinnu bóyá òun á fa agbára òun lé ẹnì kan lọ́wọ́ tàbí òun á pa ayé rẹ́. Dókítà ń dí wọn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn oníjó Morris, ijó ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi jó yí i ká lọ́jọ́ àjọ̀dún, tí wọ́n mú un, tí wọ́n ní oṣó ni, tí wọ́n sì dè é mọ́ òpó ijó. Apá kẹrin nìyẹn. Ìtúsílẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀mí àìrí ni Azal, àbí ẹ̀dá ayé mìíràn? Ó dà bíi pé eré náà ń sọ méjèèjì pọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀dá ayé mìíràn ni, eré náà kò sì yí ohùn padà lórí èyí níbi kankan. Ohun tó ń da òǹwòran láàmú ni pé ẹni méjì ló ń ṣàlàyé ohun kan náà nínú rẹ̀. Miss Hawthorne ń sọ pé àwámáridìí ni, Dókítà ń sọ pé sáyẹ́ǹsì ni, àwọn méjèèjì sì ń tọ́ka sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àlàyé Dókítà ni pé inú pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Dæmos ni wọ́n ti wá, pé wọ́n ti dé ilẹ̀ ayé láti nǹkan bí 100,000 ọdún sẹ́yìn, pé ìran ènìyàn jẹ́ ohun tí wọ́n ń dán wò bí a ṣe ń dán oògùn wò lára ẹran, àti pé gbogbo ère àti àwòrán oníwo tó wà láyé àtijọ́ jẹ́ ìrántí wọn.

Láti ibẹ̀ lọ, kò sí iṣẹ́ abàmì kan tí eré náà kò wá orísun fún. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ìpè tí Master ń pè nínú ihò. Bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, orin ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì "Mary Had a Little Lamb" ló wà nínú rẹ̀, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọ̀rọ̀ náà kò ní agbára kankan fúnra rẹ̀. Ìmọ̀lára àwọn tó péjọ, ìbẹ̀rù wọn àti ìtara wọn, ni agbára tí Azal ń fà, Master kàn ń darí rẹ̀ ni. Ẹ padà lọ wo àwọn ìran inú ihò náà, ẹ óò rí i pé bí àwọn ènìyàn ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì ń pariwo tó, ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀ tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni títóbi àti kíkéré rẹ̀. Nígbà tí Azal bá ń súnkì, ohun tó wà lára rẹ̀ ń di agbára, ooru sì ń jáde. Nígbà tó bá ń tóbi, ó ń fa agbára mọ́ra, àyíká rẹ̀ á tutù. Afẹ́fẹ́ tó pa Horner, ooru tó gba abúlé kan lẹ́yìn rẹ̀, òfin kan náà ló bí méjèèjì. Nígbà tó bá fi máa di apá kẹta, òǹwòran tó ń fọkàn bá a lọ lè mọ ohun tí Azal ń ṣe kó tó rí i.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìṣirò náà kò dúró bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n. Gíráàmù kan péré, bí gbogbo rẹ̀ bá di agbára, á mú nǹkan bí joule 90,000,000,000,000 wá, èyí tó súnmọ́ agbára bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Nagasaki lọ́dún 1945. Bí òmìrán bá sì ń súnkì, gíráàmù kan kọ́ ni yóò sọnù lára rẹ̀. Kò ní ku abúlé, kò ní ku ìlú tó yí i ká. Síbẹ̀ a kò ka èyí sí àbùkù ńlá. Òfin tó bá dúró ṣinṣin láti apá kìíní dé ìkarùn-ún wúlò fún eré ju nọ́ńbà tó péye lọ, òfin yìí sì dúró.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ère abìyẹ́ yẹn fi sá fún irin?

Ìdáhùn: Bok ni orúkọ rẹ̀, ère òkúta tí agbára Azal sọ di alààyè, Stanley Mason ló wọ aṣọ rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé irin ń lé ẹ̀dá abàmì. Dókítà na ohun èlò onírin kan sí i, ó sì pe àwọn ọ̀rọ̀ kan tó dún bí ọfọ̀. Nígbà tí Jo bi í pé ṣebí kò gba idán gbọ́, èsì rẹ̀ ni pé òun kò gbà á gbọ́, Bok ló gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó pè náà, orin ìrẹmọlẹ́kún àwọn ará Venus ni. Ẹ kíyè sí i pé irin nìkan ló ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà UNIT, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Dókítà ń bá ṣiṣẹ́, dé, tí Bírígédíà Lethbridge-Stewart sì ní kí wọ́n yìnbọn, ọta kò ràn án, wọ́n fi bazooka fọ́ ọ túútúú, ó tún kó ara rẹ̀ jọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò Dókítà ń dá rìn ní apá kẹrin láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣé àwọn ará UNIT ló ń wà á láti ẹ̀yìn ni, àbí wọ́n gbàgbé láti ṣàlàyé?

Ìdáhùn: Wọn ò gbàgbé rárá. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní. Jo ń sọ̀rọ̀ nípa idán àti ìràwọ̀, Dókítà sì fẹ́ fi hàn án pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ idán. Ó pè é jáde wá wo Bessie, mọ́tò aláwọ̀ yẹ́lò rẹ̀, mọ́tò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn. Ẹnu ya Jo. Dókítà wá fi ohun èlò kékeré tó fi ń darí rẹ̀ láti òkèèrè hàn án. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó sì dà bí eré ṣíṣe lásán.

Nígbà tí wọ́n wá de Dókítà mọ́ òpó, Miss Hawthorne sáré jáde, ó kígbe sí àwọn ará abúlé pé oṣó ńlá ni ẹni tí wọ́n mú yìí, pé kí wọ́n ṣọ́ra wọn. Sájẹ́ǹtì Benton sì ti fara pamọ́ pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n fi ohun ìparíwo-mọ́lẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Dókítà á na ọwọ́ sí àtùpà kan, Benton á yìn ín, àtùpà á fọ́. Ó na ọwọ́ sí àkùkọ onírin tó ń tọ́ka atẹ́gùn lókè, Benton yìn ín, ó yí bìrí. Àwọn ènìyàn ò gbọ́ ìbọn, wọ́n kàn ń rí i pé ohun tó bá nawọ́ sí ń fọ́. Lẹ́yìn náà ni Bessie dá rìn, ẹ̀rù sì ba gbogbo wọn.

Ohun tí a fẹ́ràn jù nínú ìran yìí ni pé ohun tó fi kọ́ Jo ní apá kìíní, pé ohun tó jọ idán lè ní ẹ̀rọ lẹ́yìn, òun ló fi gba ara rẹ̀ là ní apá kẹrin, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó nílò kí àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé idán ni. Àárín ibi méjèèjì ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá ń kọ eré, kó wo bí wọ́n ṣe fi irinṣẹ́ náà pamọ́ sínú ẹ̀rín kí ẹnikẹ́ni má bàa retí rẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo ni wọ́n ti yà á? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì tó bú gbàmù yẹn ṣì wà?

Ìdáhùn: Abúlé Aldbourne ní Wiltshire ni, ní oṣù Kẹrin 1971. Ṣọ́ọ̀ṣì St Michael tó wà nínú eré náà wà níbẹ̀ digbí, pápá koríko àárín abúlé náà wà, ilé ọtí Blue Boar tí wọ́n kọ The Cloven Hoof sí lára náà wà. Àwòkọ kékeré tí wọ́n kàn ni wọ́n fọ́, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́ débi pé àwọn òǹwòran kan kọ̀wé ẹ̀hónú sí BBC. Ìdààmú tó ta wọ́n jù níbẹ̀ ni pé yìnyín bọ́ lóru kan nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, nínú ìtàn tó yẹ kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Wọ́n ní láti dúró kó yọ́.

Ìbéèrè: Mo ra àwo eré yìí. Apá kẹrin mọ́ gaara, àwọn yòókù rí bàìbàì, àwọ̀ wọn sì ń tàn kọjá etí nǹkan nígbà mìíràn. Ṣé àwo mi ló bàjẹ́?

Ìdáhùn: Àwo yín kò ní àrùn kankan. Ohun tí ẹ rí yẹn ni ìtàn bí eré náà ṣe yè, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́ kúnná.

Téèpù fífẹ̀ ínṣì méjì ni BBC fi ń gba irú eré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Téèpù wọ̀nyẹn wọ́n, wọ́n sì ṣeé pa rẹ́ kí wọ́n tún lò ó. Àdéhùn tí wọ́n bá àwọn òṣèré ṣe kò sì gbà wọ́n láyè láti máa tún eré gbé jáde bó ṣe wù wọ́n, nítorí náà téèpù eré àtijọ́ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ lójú wọn. Wọ́n pa wọ́n rẹ́. Nínú márùn-ún, apá kẹrin nìkan ló ṣẹ́kù lórí téèpù aláwọ̀ àkọ́kọ́. Ìyẹn lẹ rí tó mọ́.

Mẹ́rin yòókù ṣẹ́kù lọ́nà méjì tí kò pé. Èkíní ni fíìmù dúdú-òun-funfun oní 16mm. Wọ́n máa ń kọjú kámẹ́rà fíìmù sí ojú tẹlifíṣọ̀n kan nígbà tí eré bá ń lọ lórí rẹ̀, kí wọ́n lè ta fíìmù náà fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n òkè òkun. Èkejì ni téèpù tí wọ́n fi ẹ̀rọ ilé gbà sílẹ̀ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ń fi eré náà hàn. Èyí ní àwọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ́. Fíìmù mọ́, ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀.

Lọ́dún 1992, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Wọ́n mú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn àwòrán láti inú fíìmù, wọ́n mú àwọ̀ láti inú téèpù Amẹ́ríkà, wọ́n fi èkejì kun èkíní. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ojú ènìyàn fi ń dá etí nǹkan mọ̀. Àwọ̀ lè rí bàìbàì díẹ̀, ojú kò ní tètè ráhùn. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ fúnra rẹ̀ ń lo àǹfààní yẹn, kì í fi àwọ̀ ránṣẹ́ kúnná tó bó ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́.

Ìṣòro wà o. Nígbà náà, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ìlà 625 àti àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìlà 525 àti nǹkan bí àwòrán 30. Nígbà tí wọ́n yí eré náà padà fún Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ náà po àwòrán mọ́ra wọn kí iye rẹ̀ lè pé. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà ní láti tú àpòpọ̀ yẹn, kò sì ṣeé tú tán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìrísí. Ojú tẹlifíṣọ̀n tí kámẹ́rà fíìmù kọjú sí wú síta díẹ̀, kámẹ́rà náà sì gé etí àwòrán dànù. Àwọ̀ láti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tó fi jókòó sórí fíìmù. Níbi tí kò bá ti jókòó dáadáa ni ẹ ti ń rí àwọ̀ aṣọ tó ṣàn kọjá èjìká. Ẹ wo pupa ní pàtàkì. Pupa ni téèpù ilé máa ń bàjẹ́ jù, ó máa ń hó bí ìgbà tí nǹkan ń rìn nínú rẹ̀.

BBC2 fi iṣẹ́ náà hàn lọ́dún 1992, wọ́n sì tún un ṣe síwájú sí i fún DVD tó jáde lọ́dún 2012. Bí ẹ bá ní èyí tó ṣáájú, ẹ wá ti 2012 tàbí àkójọ Blu-ray ti 2021, ìyàtọ̀ náà á hàn sí yín.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìbàjẹ́, tí kì í ṣe ìbàjẹ́: ìran ìta àti ìran inú ilé kò jọra, àní ní apá kẹrin. Fíìmù 16mm ni wọ́n fi ya ìta ní Aldbourne, kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi ya inú sítúdíò. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde nìyẹn.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe sọ Azal di òmìrán láìsí kọ̀ǹpútà?

Ìdáhùn: BBC ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní CSO. Wọ́n á mú òṣèré dúró síwájú aṣọ tàbí ògiri aláwọ̀ kan ṣoṣo, búlúù tàbí yẹ́lò. Kámẹ́rà kejì á máa wo ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà. Ẹ̀rọ á máa ṣàyẹ̀wò àwòrán kìíní bó ṣe ń kọjá, ibikíbi tó bá ti rí àwọ̀ yẹn, á yọ ọ́, á sì fi ti kámẹ́rà kejì dípò. Láti sọ Stephen Thorne, tó ṣe Azal, di òmìrán, wọ́n kàn ya òun láti itòsí, wọ́n ya àwọn yòókù láti òkèèrè, wọ́n pa wọ́n pọ̀.

Ibi tó ti máa ń yẹjú ni irun. Aṣọ onírun ni Azal wọ̀ láti ìbàdí lọ sí pátákò ẹsẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn sì máa ń gba àárín irun kọjá, ẹ̀rọ kò ní mọ bóyá kó yọ ibẹ̀ tàbí kó fi í sílẹ̀. Ẹ óò rí ìlà tó ń gbọ̀n ní etí rẹ̀. Bí òṣèré bá wọ aṣọ tó ní àwọ̀ ẹ̀yìn yẹn, ihò á yọ lára rẹ̀. Bí kámẹ́rà kan bá sún díẹ̀ tí èkejì kò sún, òmìrán á léfòó kúrò nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà kì í fi í rìn nínú irú ìran bẹ́ẹ̀.

Hẹlikópítà tó wọ inú odi ooru tó sì bú gbàmù ńkọ́? Wọn ò fọ́ hẹlikópítà kankan. Inú fíìmù From Russia with Love ti ọdún 1963 ni wọ́n ti gé ìbúgbàmù náà wá.

Ìbéèrè: Ta ni Guy Leopold tí wọ́n kọ pé ó kọ eré náà? Mi ò rí iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn.

Ìdáhùn: Ẹ ò ní rí i. Ẹni méjì ni, Robert Sloman àti Barry Letts. Letts ni agbátẹrù Doctor Who nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo orúkọ mìíràn. Leopold jẹ́ orúkọ àárín Letts, Guy sì jẹ́ orúkọ ọmọ Sloman. Christopher Barry ló darí eré náà. Letts fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní ìwé ìtàn lọ́dún 1974.

Ìbéèrè: Òpin rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀dá tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin kan kàn ní "ẹ pa èmi dípò rẹ̀," òun náà sì parun. Ṣé ẹ̀yin gbà á?

Ìdáhùn: Ìdajì nínú rẹ̀ la gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: Azal kọ́kọ́ fẹ́ fa agbára lé Dókítà lọ́wọ́, Dókítà kọ̀. Ó wá fẹ́ fún Master, ó sì fẹ́ pa Dókítà. Jo bọ́ síwájú. Azal kò lè rí ọgbọ́n nínú kí ẹnì kan fẹ́ kú fún ẹlòmíràn, agbára tó ti gbé sókè kò rí ibi lọ, ó yí padà lé e lórí.

Èrò náà dára. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé àwọn Dæmon ń wo ènìyàn bí ohun ìdánwò, wọ́n mọ ọgbọ́n, wọn ò mọ ìfẹ́. Pé ohun tí kò sí nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ ló pa á, ó bá ìyókù mu. Níbi tí a ti bá yín gbà ni pé wọn ò múra rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan mìíràn nínú eré yìí ni wọ́n ti fi hàn ṣáájú kí wọ́n tó lò ó: mọ́tò, ooru, òtútù, irin. Ṣùgbọ́n a kò rí Azal rí níwájú ohun tí kò yé e, kó ṣiyèméjì, kí nǹkan kan já lára rẹ̀. Ìran kan ṣoṣo ní apá kẹrin, ìṣẹ́jú kan péré, ni ì bá tún un ṣe. Katy Manning, tó ṣe Jo, kò jẹ̀bi rárá. Ó ṣe é bí ẹni tí kò ráyè ronú kó tó sọ̀rọ̀, bó sì ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kọ eré tẹlifíṣọ̀n nípa ibi àtijọ́ kan tó jí nínú abúlé. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara òfin nǹkan náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ara ìrísí rẹ̀. Ẹ mú bébà, ẹ kọ ìlà mẹ́ta péré: ohun tó lè ṣe, ohun tó ń ná an láti ṣe é, ohun tí kò lè ṣe láéláé. Ti Azal á rí báyìí: ó lè tóbi, ó lè súnkì, ooru tàbí òtútù ni àmì rẹ̀, kò lè lóye ìfara-ẹni-rúbọ. Bí ìlà kẹta kò bá sí, ẹ ò ní ní òpin, ẹ óò wá bọ́ǹbù kan fọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti abúlé náà pa. Nínú The Dæmons, odi ooru ló yí i ká, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ máìlì mẹ́wàá, gíga rẹ̀ jẹ́ máìlì kan. Ìwọ̀n yẹn wúlò, nítorí ó pín àwọn akọni sí méjì: Dókítà, Jo, Yates tó jẹ́ ọ̀gá ṣọ́jà UNIT, àti Benton wà nínú, Bírígédíà àti ṣọ́jà rẹ̀ wà lóde. Dókítà ní láti máa ṣàlàyé lórí rédíò fún Osgood, onímọ̀ ẹ̀rọ UNIT, bí yóò ṣe kan ẹ̀rọ tí yóò lu ihò sí odi náà, Osgood kò sì lóye ìdajì ohun tó ń gbọ́. Ẹ ní ìran méjì tó ń lọ pa pọ̀, ẹ kò sì náwó sórí ohun mìíràn ju rédíò kan lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí òǹkọ̀wé ti gbogbo ènìyàn mọ́ inú ilé kan, kó wá máa wá ohun tí wọn óò bá ara wọn sọ.

Ẹ fi aago sí i. Ọjọ́ àjọ̀dún kan, àti iye ìgbà tí nǹkan náà máa yọjú, ti tó. Kí òǹwòran mọ iye náà ní kùtùkùtù.

Àwọn ará abúlé: ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan níṣẹ́, kí iṣẹ́ náà sì ṣe nǹkan nínú ìtàn. Àlùfáà, olùtajà ọtí, dókítà abúlé, ọlọ́pàá, obìnrin tí wọn kì í gbà gbọ́. Márùn-ún tó. Kí ẹni tí wọn kì í gbà gbọ́ náà sì tọ̀nà ní ibi kan tó ṣe pàtàkì. Miss Hawthorne, tí Damaris Hayman ṣe, kò tọ̀nà lórí ohun tí Azal jẹ́, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ewu ń bọ̀.

Ìran àlàyé ló máa ń pa irú eré yìí. Ojú ewé kan nínú ìwé eré sábà máa ń tó ìṣẹ́jú kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí àlàyé yín bá ju ojú ewé méjì lọ láìsí ohun tó dá a dúró, ẹ gé e. Dókítà fi àwòrán àwọn oníwo àtijọ́ hàn àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń ṣàlàyé, Miss Hawthorne sì ń ta kò ó. Ìyàn jíjà yẹn ni kò jẹ́ kó di ẹ̀kọ́ inú kíláàsì.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè wo The Dæmons láìtíì wo Doctor Who kankan rí?

Ìdáhùn: Ẹ lè wò ó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo Terror of the Autons, tó jáde ní oṣù Kìíní 1971. Ibẹ̀ ni Jo, Yates àti Master ti kọ́kọ́ yọjú. Master wà nínú eré márààrún ọdún yẹn, The Dæmons ló kẹ́yìn wọn, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ UNIT ti tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un lẹ́wọ̀n, The Sea Devils ti ọdún 1972 ló kàn. Ẹ má wo apá márùn-ún yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sì fi sí àárín wọn. Ẹ dáwọ́ dúró lẹ́yìn apá kejì, kí ẹ tó lọ sí ìkẹta lọ́jọ́ kejì.